“Kò Ní Ṣe Yín Ní Nǹkan”: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ara Ẹni Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹṣin, Màlúù àti Àgbò

Ẹsẹ̀ òsì mi ni ẹṣin tẹ̀. Sálúbàtà ni mo wọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, a sì ń di ẹṣin kan ní gàárì lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba la ń múra sí. Ẹnì kan ní kí n bá òun di ìjánu mú. Mo bi í léèrè bóyá ẹṣin yìí kì í bínú. Ó ní, “Dì í mú jàre, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan.” Lóòótọ́ ni, ẹṣin ò bínú. Eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́ ikùn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí àtàǹpàkò mi. Mo fi gbogbo agbára ti àyà rẹ̀. Kàkà kó kúrò, ńṣe ló tún fara tì mí. Màlámù tó ń tọ́jú rẹ̀ ló wá fi èjìká gbún un léjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn tó há. Ẹṣin gbé ìwúwo ara rẹ̀ sí apá kejì, mo sì rí ẹsẹ̀ mi yọ. Èékánná yẹn dúdú, ó sì ṣí kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó ní kò ní ṣe mí ní nǹkan ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ṣùgbọ́n kò parọ́. Ẹṣin náà ò ní mi lọ́kàn rárá, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tí mo ti rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran ńlá láti ìgbà náà, bó ṣe ń rí nìyẹn: ẹran ò ya ìkà, ohun tí ẹran ń ṣe ló ṣe, èèyàn ló dúró síbi tí kò yẹ kó dúró. Ẹni tó ni ẹṣin lè mọ ẹṣin rẹ̀ tinú tẹ̀yìn, kò lè bá a ṣe àdéhùn lórúkọ yín. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, iṣẹ́ ẹni tó ń bọ̀ wá sún mọ́ ẹran ni. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ni ín, ẹ má sì gbé e fún ọlọ́pàá tó ń dá èrò dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹran tó jẹ́

Ẹṣin kì í pa ẹran jẹ. Òun ni ẹranko ń pa jẹ. Eré ni Ọlọ́run fún un kó fi gba ara rẹ̀ là. Bí nǹkan bá ta sí i létí lójijì, yóò kọ́kọ́ sá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni yóò tó wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ gbé ni tàbí kìnnìún. Ẹni tó bá dúró sọ́nà tó fẹ́ gbà sá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu ni. Ẹṣin tí kò tóbi púpọ̀ á wọn tó kílò 300, àwọn tó tóbi á sì kọjá 450. Ìwúwo èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà nìyẹn, lórí pátákò mẹ́rin.

Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, kò wà níwájú bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí ọ̀tún, òsì, àti púpọ̀ nínú ẹ̀yìn láì yí ọrùn. Ibi méjì péré ni kò rí: gbọọrọ iwájú orí rẹ̀ títí dé abẹ́ imú, àti gbọọrọ ẹ̀yìn ìrù. Ó sì jẹ́ pé ibi méjèèjì yìí gan-an làwa èèyàn fẹ́ràn láti dúró sí. Àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò á gba iwájú orí lọ bá a, wọn á na ọwọ́ lọ sí iwájú orí tí kò rí. Àwọn ọmọdé á gba ẹ̀yìn, ìrù ni wọ́n fẹ́ fà.

Etí ni kí ẹ máa kà. Tí etí bá dojú kọ iwájú, nǹkan kan ló ń wò. Tí ọ̀kan bá wà níwájú, tí èkejì yí sẹ́yìn, ẹ̀yin àti ẹlòmíì ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò burú. Tó bá lẹ etí méjèèjì mọ́ ọrùn pátápátá, tó wá ń ju ìrù fìà fìà láìsí eṣinṣin, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má dúró béèrè ìdí. Ojú tó là débi pé funfun rẹ̀ ń hàn, ihò imú tó fẹ̀, ìdí tó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ yín: ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn, ẹṣin kì í sì í pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ kó tó ta èèyàn nípàá.

Àtilé ni ìmúra ti ń bẹ̀rẹ̀

Bàtà ni àkọ́kọ́. Bàtà awọ tó bo gbogbo ìka ẹsẹ̀, tó nípọn, tí ó sì ní gìgísẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá máa gùn ún. Bàtà kò ní kí ẹṣin má tẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ tó wú àti ẹsẹ̀ tó fọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹwà nínú èyí. Mo mọ̀ pé aṣọ òkè ò bá bàtà awọ tó wúwo mu, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin.

Ẹ bọ́ òrùka. Okùn lè há sí i nígbà tí ẹṣin bá fà á lójijì, ìka ló máa ń bá a lọ. Ẹ̀gbà ọrùn tó gùn àti yẹtí tó ń fì dirodiro, ẹ kó wọn sápò. Apá agbádá, ẹ ká a sókè kí ẹ fi nǹkan dè é. Agbádá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú ẹṣin tí kò rí i rí, ẹyẹ ńlá tó ń bọ̀ wá gbé e ni lójú tirẹ̀. Bákan náà ni agbòjò: ẹ má ṣí i nítòsí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ẹ gbà kẹ́yìn ńkọ́? Kòkòrò àrùn náà máa ń wà nínú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin, ojú ọgbẹ́ kékeré tó jìn ló sì ń gbà wọlé. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti gbà á, tàbí tí ẹ ò rántí, ẹ lọ gba òmíràn kí ọjọ́ tó tó.

Ẹni tó ti mu ọtí, kó jókòó ti ọtí rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Sísún mọ́ ọn

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín lè má rí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀ ló mọ̀ pé kì í fẹ́ kí wọ́n kan etí òun, tàbí pé ó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì bí ẹnikẹ́ni bá kan ikùn rẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọn kì í ṣe “Ṣé kì í bínú?” Gbogbo èèyàn ló máa ní kì í bínú. “Kí ni kì í fẹ́?” ni kí ẹ bi wọ́n. Ìdáhùn gidi lẹ máa gbà.

Ẹ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa bọ̀ sí èjìká rẹ̀, apá òsì ló dára jù torí pé apá ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ẹṣin. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti òkèèrè, ohùn jẹ́jẹ́. Ohunkóhun lẹ lè sọ. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó wà nílẹ̀ wa, òkè Ọya ni wọ́n ti kó wọn wá, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin gbèrú nínú igbó tiwa, nítorí náà Hausa ni púpọ̀ wọn gbọ́. Àbúrò mi kan máa ń kí wọn “Sannu” kó tó sún mọ́ wọn, a sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ẹṣin ò tíì ta nípàá nínú wa. Bí etí ẹṣin bá ti yí sọ́dọ̀ yín, ó ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Bí kò bá yí, ẹ dúró.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èjìká tàbí ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe imú, kì í ṣe ojú. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ má gbá a pẹ́pẹ́. Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí ni ẹ̀gbẹ́ èjìká, kí ẹ̀yin àti ẹṣin jọ kọjú síbì kan náà, kí ẹsẹ̀ yín má wà lọ́nà pátákò.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà, kò sí ẹ̀kẹta. Yálà ẹ jìnnà tó mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, níbi tí ìpá ò lè bá yín dé, tàbí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́, ọwọ́ lórí ìdí rẹ̀, ohùn yín ń lọ, kí ẹ yí i ká wẹ́rẹ́. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn, bí ó bá tapá, á ti í ni. Ẹni tó dúró ní ìwọ̀n mítà kan àti ààbọ̀, òun gan-an ni pátákò máa bá nígbà tí agbára rẹ̀ pé. Ọ̀nà kejì yìí wà fún ẹni tí ẹṣin mọ̀ o. Àlejò, ẹ jìnnà.

Tí nǹkan yín bá já bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má sì jókòó. Lóṣòó ni kí ẹ lóṣòó, kí ẹ lè fò kúrò. Ẹ má gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá láéláé, àní bí fóònù olówó iyebíye ló wà ní òdìkejì.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má fún ẹṣin tí kì í ṣe tiyín ní nǹkan jẹ. Bí màlámù bá gbà, orí àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ó wà, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àtàǹpàkò lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹṣin kì í rí abẹ́ imú ara rẹ̀, ètè ló fi ń wá oúnjẹ, ìka yín àti kárọ́ọ̀tì ò sì yàtọ̀ síra lójú ètè.

Okùn

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ ilé wa jà. Ẹ má wé okùn ẹṣin mọ́ ọwọ́, ẹ má so ó mọ́ ìbàdí, ẹ má fi kọ́ ọrùn. Ẹni tó bá wé e mọ́ ọwọ́ rò pé òun ti mú un dáadáa. Ẹṣin ló mú òun. Bí ó bá sá, okùn á fún mọ́ ọwọ́, kò ní tú, ẹṣin á sì wọ́ ẹni náà lọ lórí ọ̀dà. Bí a ṣe ń mú un rèé: ọwọ́ ọ̀tún mú okùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu ẹṣin, èyí tó kù, ẹ ká a padà síwá-sẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n ká, kí ẹ wá fi ọwọ́ òsì di àárín rẹ̀ mú. Bí ẹṣin bá fà, ẹ là ọwọ́ ni, gbogbo rẹ̀ á yọ jáde. Kí ẹṣin sá lọ sàn ju kí ó gbé yín sá lọ.

Síso ẹṣin mọ́lẹ̀ náà ní ọgbọ́n. Ohun tí kò lè ṣí ni kí ẹ so ó mọ́: òpó, igi tó ta gbòǹgbò. Ẹ má so ó mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ àga, mọ́ ọ̀kadà. Mo ti rí ẹṣin tó fa àga oníke sá lọ. Bí àga ṣe ń sáré tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù túbọ̀ ń bà á, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń sáré. Kí ojú okùn ga tó èjìká ẹṣin, kí ó má gùn ju apá yín lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kọ́ ọn.

Kókó tí ẹ máa ta, kí ó jẹ́ èyí tí a lè fà tú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gba okùn yí òpó ká. Ẹ fi èyí tó ń bọ̀ láti ẹnu ẹṣin sí apá kan, ìdí okùn tó ń fì sí apá kejì. Ẹ fi ìdí okùn yẹn ṣe ojú kan bí òrùka, kí ó dùbúlẹ̀ lórí okùn ẹnu ẹṣin. Ẹ wá ká ìyókù ìdí okùn po sí méjì, ẹ gba abẹ́ okùn ẹnu ẹṣin, ẹ ti ìkápo yẹn bọ inú òrùka náà. Ìkápo ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́, kì í ṣe orí okùn. Ẹ fa okùn ẹnu ẹṣin, yóò fún pinpin. Ẹ fa ìdí okùn tó ń fì, gbogbo rẹ̀ á tú fàà. Ẹ fi ẹsẹ̀ àga dánrawò nílé títí ọwọ́ yín á fi lè ta á nínú òkùnkùn.

Tí ẹ bá máa gùn ún

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ní ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, fìlà àti lámúrí ló ń wà lórí, kò sí ẹni tó máa gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi ń kọ́ ọ, tí ẹ bá fi ń gùn ún ní etíkun Èkó, tàbí tí ẹ bá gbé ọmọ lé e, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún ẹṣin gígùn ló yẹ kó wà lórí, kí wọ́n de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tó bá ti bá èèyàn ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù, bí kò tilẹ̀ ní ojú fífọ́.

Ọ̀já tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin tó di gàárì mú, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹṣin gbọ́n. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ ikùn nígbà tí wọ́n bá ń dè é, tí ó bá rìn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ikùn á lọ sílẹ̀, ọ̀já á sì dẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gùn, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹṣin bá ti rìn díẹ̀. Gàárì tó yí sábẹ́ ikùn pẹ̀lú èèyàn lórí rẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ.

Ẹ gun òkè láti apá òsì, kí ẹnì kan di orí ẹṣin mú. Nínú irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ki gbogbo ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú, ẹsẹ̀ ò ní yọ, ẹṣin á sì máa wọ́ yín lọ. Ìdí tí mo fi ní kí bàtà ní gìgísẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi títí tí mo fi mọ̀ ọ́n lórí ẹṣin. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn lórí ẹṣin, ara ń sọ pé kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹṣin mọ́ra, kó tẹ̀ síwájú, kó pariwo. Lédè ẹṣin, ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta túmọ̀ sí ni “sáré sí i.” Tí ẹ bá wọ kẹ́sẹ́, irin tí ẹlẹ́ṣin ń so mọ́ gìgísẹ̀ láti fi gún ẹṣin kó lè sáré, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìdí jókòó wọlé, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ mí síta, ẹ fa okùn ìjánu kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́, ẹ tún fà á, ẹ tún dẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́, tí ààyè sì wà, ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan kó máa yípo ńlá, kí ẹ máa dín ìyípo náà kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má já orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì nígbà tó ń sá àsápajúdé, ó lè ṣubú lé yín lórí.

Nínú èrò Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ìdílé jagunjagun ni wọ́n, ẹṣin àti ìbọn sì ni ohun èlò ogun, ìdí nìyẹn tí ìbọn ṣakabùlà fi ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mú ìbọn kúrò nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mú un kúrò. Èèyàn ló máa mọ ibi tó dúró sí. Láti ìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024, èrò tó ń bọ̀ wá ya fọ́tò ti pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fọwọ́ kan ẹṣin rí.

Bí ẹ bá jẹ́ òǹwòran: ẹ má wọ àárín ẹṣin méjì. Ẹṣin méjì tí kò mọra wọn lè máa bá ara wọn jà lórí yín. Kí ẹ tó dúró síbì kan, ẹ wo ibi tí ẹ máa gbà sá, ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀yìn igi. Ògiri tó wà lẹ́yìn yín láìsí ọ̀nà àbájáde, páńpẹ́ ni. Ẹ má fi iná fóònù tàn án lójú. Ọmọdé, ẹ mú un lọ́wọ́ ní apá tí ẹṣin ò sí, ẹ má gbé e kọ́rùn lọ sítòsí orí ẹṣin. Bí ẹṣin bá já, tí ó ń bọ̀ wá bá yín, ẹ má na apá láti dá a dúró, ẹ má sì sáré níwájú rẹ̀ lọ́nà tó ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ yà sí, lẹ́yìn nǹkan tó le.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹlẹ́ṣin: ẹ bèèrè bóyá ẹṣin náà ti gbọ́ ìbọn rí. “Ó ti dé Ojúde Ọba rí” ò tó, ẹ bèèrè ohun tó ṣe nígbà tí ìbọn dún. Kí àlàfo ẹṣin kan gbáko wà láàárín yín àti ìdí ẹṣin tó wà níwájú. Bí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn, ẹ yí ojú ẹṣin sí ọ̀nà tí ìró máa gbà wá, kó rí i. Ìró tó bá a láti ẹ̀yìn ló ń lé e.

Màlúù àti àgbò

Ìwà màlúù yàtọ̀ díẹ̀. Ẹṣin sábà máa ń ta ìpá gbọọrọ sẹ́yìn. Màlúù ní tirẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá síwájú kó tó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ò tíì yè bọ́. Ìwo wà níwájú pẹ̀lú. Ewu tó pọ̀ jù kì í tiẹ̀ ṣe ìwo, àárín màlúù àti ògiri ni. Ní Kárà àti ní gbogbo ọjà ẹran, ẹ má wọ inú ọgbà tóóró pẹ̀lú màlúù, ẹ má sì dúró sí ẹnu ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí wọ́n bá ń já wọn. Wọ́n ti dúró lórí ìrìn fún ọjọ́ púpọ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ á fò jáde láìwo ẹnikẹ́ni.

Màlúù kọ̀ọ̀kan ní ààlà tí kò fẹ́ kí èèyàn kọjá. Tí ẹ bá wọ ààlà yẹn, á ṣí. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀, iwájú ló máa lọ. Tí ẹ bá dúró níwájú èjìká, á padà sẹ́yìn. Àwọn Fúlàní tó ń dà wọ́n mọ èyí láti kékeré, ẹ wò wọ́n, wọn kì í pariwo, ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n fi ń bá ẹran sọ̀rọ̀. Akọ màlúù tó dúró ní ìbú, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ara hàn yín kí ẹ lè rí bó ṣe tóbi tó, tó rẹ orí sílẹ̀, tó ń fi pátákò wa ilẹ̀: ẹ máa fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ojú yín ní ara rẹ̀, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ burú ju akọ lọ. Ẹ má wọ àárín òun àti ọmọ rẹ̀.

Ẹran tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára agbo náà ò sí ní ìrọ̀rùn. Màlúù Iléyá tí wọ́n so sí iwájú ilé láti àná, tí àwọn ọmọ ládùúgbò ti ń jù ní òkúta, kì í ṣe ẹran kan náà tí ẹ rí lọ́jà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, alápatà kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ. Àwọn ọmọdé wà nínú ilé títí wọ́n á fi dá ẹran dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì de ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò, kó dúró sí ẹ̀yìn nǹkan, kì í ṣe sí iwájú ìwo.

Ti àgbò, òwe ti sọ ọ́ tán: àgbò tó tadí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, ohun tí ojú rí gan-an ni. Bí àgbò bá fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó sì rẹ orí, kàn yín ló fẹ́ kàn. Ẹ yà. Ẹ má fi ọwọ́ ti iwájú orí rẹ̀ ṣeré, eré ìkàn lẹ ń kọ́ ọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rin ló sì máa fi dánrawò.

Lójú títì, àti ní ìlú òkèèrè

Bí agbo màlúù bá ń kọjá títì, ẹ dúró. Ẹ má fọn fèrè, ẹ má tan iná ńlá, ẹ má fi ọkọ̀ ti ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tán pátápátá; ọmọ màlúù kan sábà máa ń kẹ́yìn, tó ń sáré wá ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain, òfin ojú pópó wọn láti 2022 sọ pé tí ẹ bá ń kọjá ẹṣin, eré yín ò gbọdọ̀ ju máìlì mẹ́wàá ní wákàtí lọ, kí ẹ sì fi ó kéré tán mítà méjì sílẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn kọjá nínú pápá tí màlúù wà, tí ẹ mú ajá dání, tí màlúù wá ń lé yín, ẹ tú ajá sílẹ̀. Ajá ni wọ́n ń lé, ó sì yára jù yín lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Texas àti Georgia wà lára wọn, òfin ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin ṣòwò pé ewu tó wà nínú ìwà ẹṣin fúnra rẹ̀, ẹni tó wá gùn ún ló gbà á. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ kà á. Ohun tí màlámù ilé wa ń sọ lẹ́nu ni wọ́n kọ sí bébà.

Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ má fà á dìde. Kí ẹnì kan mú ẹṣin kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíì bi í ní orúkọ àti ibi tó wà. Bí ó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí pé òun ò mọ ẹsẹ̀ òun lára, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀, ẹ má bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì àyàfi tí kò bá lè mí, kí ẹ pe 112.

Ìpá inú ikùn ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ara òde lè má là, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú. Bí inú bá ń dùn ún sí i, tí òógùn tútù bò ó, tí ojú ń ṣú u, ilé ìwòsàn tààrà, kì í ṣe ilé láti lọ sinmi. Ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀, bí ó bá bì, tí ó ń tòògbé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu, ilé ìwòsàn náà ni. Bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni pé ó le, kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Apá tàbí ẹsẹ̀ tó wú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàwòrán egungun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Bí ẹran bá ge èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ẹ lọ bá dókítà nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì àti àrùn dìgbòlugi. Màlúù àti ẹṣin náà lè ní dìgbòlugi bíi ti ajá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Ọjọ́ tí ẹṣin kọ́kọ́ dá mi, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún gbé mi lé e, tí orí mi ṣì ń pòòyì, ẹsẹ̀ mi sì bọ́ sínú irin gàárì títí dé kókósẹ̀. Òwe náà ò sọ pé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹṣin ni, ẹ sọ bó ṣe ga tó níbi tí ẹ ti já, ẹ sọ apá tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ lọ, kí ẹnì kan di orí ẹṣin mú, ẹ yẹ ọ̀já wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gun òkè láti apá òsì.